Àwọ̀ Mẹ́ta Lára Ìgò Àgbo

Àbúrò mi Adéṣínà kì í jókòó. Láti kékeré ló ti rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbé oúnjẹ kalẹ̀, á bu òkèlè kan, á dìde lọ wo ohun tó ń dún níta, kó tó padà wá bu èkejì. Ìyá wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, a máa ní ó dà bí adìẹ tó fẹ́ yé tí kò rí ibi yé sí. Ọdún mẹ́fà ni èmi Motọ́lání fi ṣáájú rẹ̀, ọ̀pọ̀ nǹkan ni mo sì ti já gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó bà á jẹ́. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí ni mi ò tètè já gbà. Inú ṣì ń bí mi nítorí rẹ̀ títí dòní, sí òun àti sí ara mi.

Ọdún 1997 ni. Yàrá kan àti pálọ̀ ni àwa méjèèjì ń gbé ní Pápá Àjàó. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré ní ilé-ìwé kan ní Muṣin. Ṣínà ní tirẹ̀ ti jáde ilé-ìwé gíga láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, iṣẹ́ ò sì sí. Ó ti ta bàtà òkìrìkà, ó ti tún rédíò ṣe, ó ti kọ́ ọmọ iléèwé ní ìṣirò, kò sí èyí tó lò ju oṣù mẹ́rin lọ nídìí rẹ̀. Nígbà tó wá gbé kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kan wọlé, òun àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré kan tó ń wọ́n íǹkì wínníwínní sórí ìwé, mo ní kò ní í pẹ́ tí yóò fi sú u. Irọ́ ni mo pa. Ó fẹ́ràn ẹ̀rọ yẹn ju bó ṣe fẹ́ràn èmi lọ. Ó fi tẹ káàdì fún àwọn télọ̀, ó fi tẹ ìwé ìkésíni, ó fi tẹ ètò ìsìnkú. Bí Nẹ́pà bá mú iná lọ, ṣe ló máa dúró tì í, á gbé ọwọ́ lé e lórí bí ẹni tó ń wò bóyá ara ọmọ gbóná.

Ẹni tó sún mọ́ ilé wa jù ni Ìyá Alágbo. Sàúdátù ni orúkọ wọn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é mọ́ àfi àwọn ẹgbẹ́ wọn ní mọ́sáláásí. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí wọ́n ti ń se àgbo létí títì Pápá Àjàó. Àgbo mẹ́ta ni wọ́n ń rọ sínú ìgò: ti jẹ̀díjẹ̀dí, ti ibà, àti ti aboyún. Wọn ò mọ̀wé, ọ̀pọ̀ àwọn oníbàárà wọn náà ò mọ̀wé. Òwú ni wọ́n fi ń dá ìgò mọ̀. Òwú pupa wà lọ́rùn ti jẹ̀dí, òwú yẹ́lò lọ́rùn ti ibà, òwú aláró lọ́rùn ti aboyún. Gbogbo àdúgbò ló mọ òwú yìí. Bí a bá rán ọmọ lọ síbẹ̀, a kì í sọ ju pé kó lọ mú olówùú pupa wá.

Ní ọjọ́ kan tí Ṣínà lọ ra àgbo ibà, òwú yìí kó sí i lójú. Kò lè mú un mọ́ra. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì tó padà lọ bá wọn.

"Ìyá, ayé ti kọjá òwú o. Ẹ jẹ́ kí n tẹ lébẹ́ẹ̀lì fún yín, èyí tó ní orúkọ yín àti orúkọ àgbo, tó máa dà bí ti òyìnbó."

Ìyá Alágbo ń fi aṣọ nu ìgò. Wọn ò gbójú sókè. "Èmi ò mọ̀wé, ọmọ mi."

"Mo mọ̀, mà. Àwọ̀ máa wà níbẹ̀. Mo máa kun òkè rẹ̀ ní pupa, yẹ́lò, tàbí aró, bí òwú yín ṣe rí gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá mọ̀wé á kà á, ẹni tí ò bá mọ̀wé á wo àwọ̀."

Kí n má purọ́, ọgbọ́n wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìyá Alágbo náà rí i. Wọ́n gbé ìgò sílẹ̀, wọ́n bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo tó yẹ kó bi ara rẹ̀.

"Omi ò ní bà á jẹ́?"

"Omi kẹ̀? Ìyá, nó wàhálà. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi."

Nígbà tó délé ló tó mọ̀ pé wàhálà wà. Ó tẹ ọ̀kan wò, ó fi ìka tútù kàn án, gbogbo rẹ̀ wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, lẹ́tà àti àwọ̀. Ó tún un tẹ̀, ó tún wọ́. Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú rẹ̀. Íǹkì tí omi ò lè mú ló wá di orin ẹnu rẹ̀. Mò ń fọ abọ́, ó ń sọ ọ́. Mò ń máàkì ìwé ọmọ, ó dúró sí mi lórí, ó ń sọ ọ́.

Ọkùnrin kan wà ní Yábàá tó ń jẹ́ Fàsásì. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi abẹ́rẹ́ fa íǹkì sínú kátíríìjì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó bá ti gbẹ. Ṣínà lọ bá a lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mo bá a lọ, torí mo fẹ́ ra bàtà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi etí ara mi gbọ́ ohun tí ọkùnrin yẹn sọ. Fàsásì kì í kánjú. Tó bá ń sọ̀rọ̀, á sọ ọ́ bí ẹni ń ka ìlẹ̀kẹ̀.

"Oríṣi íǹkì méjì ló wà, Ṣínà. Àwọ̀ ti àkọ́kọ́ yòrò sínú omi tí wọ́n fi pò ó, bí ṣúgà ṣe ń yòrò. Bí omi míì bá tún kàn án lórí ìwé, á tún yòrò padà. Èkejì, lẹ́búlẹ́bú ni wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀, kò yòrò, bí ẹfun ṣe ń rí nínú omi. Tó bá ti gbẹ sórí ìwé, á dì mọ́ ọn, omi ò ní í rí i gbé ṣe."

"Èyí yẹn ni mo fẹ́, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ fún mi."

"Fara balẹ̀. Dúdú tí mo ní, oní-lẹ́búlẹ́bú ni. Pupa, yẹ́lò àti aró, oní-ṣúgà ni gbogbo wọn. Mi ò tíì rí oní-lẹ́búlẹ́bú aláwọ̀ tó bá ẹ̀rọ ilé bíi tìẹ mu. Ṣé o ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, ẹ̀gbọ́n." Ó ti na ọwọ́ sí ìgò íǹkì dúdú.

"Tó o bá gbọ́, ọ̀nà méjì ló wà. Ra pépà tó ti ní àwọ̀ láti ilé-iṣẹ́ wá, kó o fi dúdú nìkan tẹ ọ̀rọ̀ sí i lára. Tàbí kó o fi sẹ́lótéèpù bo èyí tó o bá tẹ̀, kó o bo etí rẹ̀ yíká. Èyí tó o bá mú, tẹ ọ̀kan, jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, kó o wá rì í sínú omi láti àárọ̀ di alẹ́. Ohun tó o bá rí nígbà tó o bá yọ ọ́, òun ni òótọ́."

Mo rò pé ó gbọ́. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, mo sì sọ ọ́ sí i létí bí a ṣe ń padà bọ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ jàre, ìlú Èkó la wà." Íǹkì dúdú yẹn ló rà, ó sì fa àwọ̀ mẹ́ta oní-ṣúgà sínú kátíríìjì kejì. Kò ra pépà aláwọ̀. Ó ní wọ́n máa ń rí bí ìwé ìpolówó olóṣèlú. Sẹ́lótéèpù náà, ó ní iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé ló máa jọ.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ló tẹ ti àkọ́kọ́. Ìlà àwọ̀ aró gbòòrò kan wà lókè, lábẹ́ rẹ̀ ni ÀGBO ABOYÚN wà ní lẹ́tà dúdú gàdàgbà. Ó rẹwà. Fàsásì ní kó jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì, òun fi ìwé máàkì mi fẹ́ ẹ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ó fi ọwọ́ wọ́n omi sí i, ó gbé e wá síwájú mi.

"Àǹtí, ẹ wò ó. Ṣé ó wọ́?"

Mo wò ó. Lẹ́tà dúdú dúró gbọn-in. Àwọ̀ aró yẹn tàn díẹ̀ létí, àmọ́ mo rí i bí ẹni tí ò rí i. Lẹ́tà ni mo ń wò. Olùkọ́ ni mí, lẹ́tà ni oúnjẹ mi, lójú tèmi ohun tí a bá ti lè kà ti pé. Mo ní, "Kò wọ́. Ó dáa." Ṣínà fò sókè, ó di mọ́ mi. Títí dòní ni "ó dáa" yẹn ń gún mi ní ẹ̀gbẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló gbé lébẹ́ẹ̀lì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ fún Ìyá Alágbo, márùn-ún fún àgbo kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ wọ́n. Inú Ìyá Alágbo dùn, wọ́n pe àwọn aládùúgbò wá wò ó. Wọ́n ní kí òwú ṣì wà lọ́rùn ìgò títí ojú oníbàárà á fi mọ́ tuntun yìí. Ṣínà ní rárá, ṣé èèyàn máa ń wọ bàtà tuntun lé ti àtijọ́ ni? Ó fa rèsà yọ, ó gé gbogbo òwú náà bọ́ sílẹ̀.

Ohun tí kò bèèrè ni ohun tí Ìyá Alágbo máa ń ṣe tí oòrùn bá wọ̀. Bí kì í bá kánjú ni, ì bá ti mọ̀. Wọn ò ní fíríìjì. Kí ooru má baà kan àgbo, gbogbo alẹ́ ni wọ́n máa ń rẹ àwọn ìgò náà títí dé ọrùn sínú ọpọ́n ńlá kan tó kún fún omi tútù. Ìgò á wà níbẹ̀ mọ́jú. Òwú wọn ti wọ inú omi yẹn ní ọgbọ̀n ọdún, àwọ̀ rẹ̀ ò ṣí.

Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, mò ń fọ aṣọ lẹ́yìnkùlé nígbà tí mo gbọ́ tí ẹnìkan ń pe orúkọ Ṣínà láti ẹnu ọ̀nà. Ìyá Alágbo ni. Wọn ò wé gèlè, wọ́n gbé ọpọ́n lórí, omi rẹ̀ ń dà sí wọn léjìká. Nígbà tí wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀, omi náà ti di aró. Pupa ti lọ. Yẹ́lò ti lọ. Àwọ̀ aró ló ṣàn kúrò lára ti aboyún, tó sì kun gbogbo ìwé yòókù. Ìgò mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, gbogbo wọn rí bákan náà.

"Mo ti ta ọ̀kan," ni Ìyá Alágbo wí. "Aboyún kan tó ń ti àìsùn ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, oníbàárà mi ni. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán. Mo rí aró lára ìgò, mo gbé e fún un. Ìgbà tí ilẹ̀ wá mọ́ ni mo rí i pé aró ni gbogbo wọn. Ṣínà, kà á fún mi. Èwo ni mo gbé?"

Ṣínà kúnlẹ̀ ti ọpọ́n náà. Lẹ́tà dúdú rẹ̀ ò wọ́. Ó ń fa ìgò yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á sókè. Aboyún pé márùn-ún. Ibà pé márùn-ún. Jẹ̀dí ṣẹ́ ku mẹ́rin.

Mo bi wọ́n pé kí ló wà nínú ti jẹ̀dí.

"Ohun tó ń gbọn ikùn dànù ni. Aboyún kì í fi ẹnu kàn án. Oyún ìyẹn ti wọ oṣù keje."

Ṣínà ti dìde, ó wọ bàtà òdìkejì, ó bọ́ ọ, ó tún un wọ̀.

"Ilé wọn ńkọ́, Ìyá? Níbo ni?"

"Ìjọra ló ń gbé. Ayọ̀miídé lorúkọ ẹ̀. Jethro ni ọkọ ẹ̀, rélùwéè ló ń bá ṣiṣẹ́."

"Nọ́ńbà ilé ńkọ́? Òpópónà wo?"

Ìyá Alágbo wò ó. "Bó bá sọ ọ́ fún mi, kí ni mo máa fi kọ ọ́ sílẹ̀?"

Báyìí ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe jáde, aṣọ mi nínú omi ọṣẹ, ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Ọ̀yìngbò. Ìjókòó wà, Ṣínà ò jókòó. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ẹsẹ̀ gbo ilẹ̀ ọkọ̀, bí awakọ̀ bá ti dẹwọ́ díẹ̀ á fi ọwọ́ lu òrùlé. Mo fẹ́ lu òun náà. Gbogbo ohun tó wà ní ikùn mi ni mo fẹ́ sọ síta nínú bọ́ọ̀sì yẹn: ti Fàsásì, ti sẹ́lótéèpù, ti ọjọ́ kan péré tí kò lè fi dúró kí ìwé gbẹ. Ìyá Alágbo ló di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà, ètè wọn ò dúró.

Ní Ọ̀yìngbò, ọkọ̀ Ìjọra ṣì ń dúró kó kún. Èrò mẹ́rin péré ló wà níbẹ̀. Ṣínà ní òun ò lè dúró. Kí n tó lanu, ó ti sọdá ọjà, ó ti bọ́ sí ojú irin rélùwéè, ó ń fo láti orí igi ìdábùú kan sí òmíràn bọ́ sí ọ̀nà Ìjọra.

"Ṣínà! Ìyá ò lè rin bẹ́ẹ̀!"

"Ta ló ní mi ò lè rìn?" ni Ìyá Alágbo wí. Wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n tẹ̀ lé e.

A rìn. Oòrùn ti mú. Òkúta inú ojú irin ń gún mi láti abẹ́ sílípáàsì. Ṣe ni Ṣínà ń sáré síwájú, á dúró, á wo ẹ̀yìn, á padà wá bá wa, á tún sáré lọ, títí òòyì fi ń kọ́ èmi tí mò ń wò ó. Ní ìgbà kan tó padà wá, ó ti ń sunkún. Kò nù ún. "Àǹtí, ṣé ẹ rò pé ó ti mu ún?" Mo ní mi ò mọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì ń bí mi sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní Ìjọra, ẹni kẹta tí a bi léèrè ló mọ Jethro. Ó ń tún ẹsẹ̀ wágúnù kan ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹrù, ọkùnrin gíga kan tí gíríìsì kun dé ìgbọ̀nwọ́. Ìyá Alágbo ló bá a sọ̀rọ̀.

"Jethro, èmi ni mo máa ń ta àgbo fún ìyàwó rẹ. Mo gbé ohun tí kò yẹ fún un láàárọ̀ yìí. Mú wa lọ sílé."

Ọkùnrin yẹn ò bèèrè ọ̀rọ̀ kejì. Ó ju sípánà sílẹ̀, ó sáré, àwa náà sáré tẹ̀ lé e.

Ayọ̀miídé jókòó sí orí àpótí lẹ́nu ọ̀nà wọn, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ọmọbìnrin pupa kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, kò ju ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n lọ. Ìgò náà wà lórí fèrèsé, ó ti dín dé ìdajì. Nígbà tó rí Ìyá Alágbo, ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, ó di ikùn mú, ó tún jókòó.

"Ìyá, ẹ̀yin rèé ní Ìjọra? Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ má bínú, ikùn ló ń lọ́ mi díẹ̀. Mo ní àgbo ló ń ṣiṣẹ́."

"Ife mélòó lo mu?" ni Ìyá Alágbo bi í.

"Méjì, mà."

Ṣínà gbé ìgò náà. Ìwé ara rẹ̀ ti di aró, àmọ́ ÀGBO JẸ̀DÍ hàn kedere, ọmọ ilé-ìwé mi tó kéré jù lè kà á. Ó yí i sí ọmọbìnrin náà. Ohùn rẹ̀ le jù, bí ẹni tí ẹ̀rù ti bà kọjá ìwà pẹ̀lẹ́.

"Ẹ ò kà á ni? Wọ́n kọ jẹ̀dí síbẹ̀! Ẹ ò mọ̀wé ni?"

Ayọ̀miídé wò ó bí ẹni tó bú òun. "Mo mọ̀wé. Mo ka ìwé mẹ́wàá. Mo rí i pé wọ́n kọ jẹ̀dí, ó tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ní ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣìṣe. Ìyá Alágbo kì í ṣìṣe."

Mo wo Ìyá Alágbo. Láti àárọ̀ wọn ò sunkún, wọn ò pariwo, ojú irin yẹn ò sì rẹ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú wọn di ògiri mú.

Jethro gbé ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ń ti ilé ẹrù bọ̀, a kó sí i, a gbé e lọ sí ọsibítù. Mi ò fẹ́ pẹ́ níbẹ̀ nínú ìtàn yìí, torí n kò fẹ́ rántí rẹ̀. Wọ́n gbé e wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Nọ́ọ̀sì kan jáde wá, ó bèèrè kí ló mu, Ìyá Alágbo dárúkọ ewé àti egbò tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì ń kọ ọ́, ó ń mi orí. Ó bú wọn. Ó ní irú àwọn bíi tiwọn ló ń pa èèyàn ní Èkó. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ sí i bí ọkùnrin, obìnrin tó tó bí ìyá rẹ̀.

Jethro ò jà. Ìyẹn ló burú jù. Ó dúró sí ojú fèrèsé pẹ̀lú gíríìsì lọ́wọ́, ó sì bèèrè ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo pé ta ló ṣe é. Ìyá Alágbo ní, "Èmi ni mo gbé e fún un." Ṣínà ní, "Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé omi máa mú àwọ̀ náà, mi ò dúró gbọ́ tán. Ẹ lù mí." Jethro yíjú sí i. Ó ní, "Tí mo bá lù ọ́, kí ló máa ṣe fún ọmọ mi?" Ó sì kọjú sí fèrèsé padà. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ tèmi náà, pé mo wo ìwé yẹn, mo ní ó dáa. Ẹnu mi ò yà. N kò fẹ́ràn ara mi lọ́jọ́ yẹn.

Oòrùn ti yẹ̀ nígbà tí dókítà jáde. Ó ní ìrora ti ń rọlẹ̀, ọkàn ọmọ ń lù dáadáa, àwọn á sì dá ìyá rẹ̀ dúró fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n máa ṣọ́ ọ. Jethro jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ṣínà dì mọ́ mi, ó ń sọ pé Ọlọ́run ṣeun, Ọlọ́run ṣeun. Inú mi dùn débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ìyá Alágbo nìkan ni kò yọ̀. Mo bá wọn níta lórí bẹ́ńṣì, mo jókòó tì wọ́n, mo ní, "Ìyá, ewu ti fo wá. Ọmọ wà láàyè."

"Alihamudulilaahi," ni wọ́n wí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Motọ́lání, ó kà á. Ó kà á, ó sì mu ún nítorí mi."

Ọjọ́ kẹta pé, wọ́n dá Ayọ̀miídé sílẹ̀. Ara rẹ̀ dá, ọmọ ń mira nínú rẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àmọ́ Ìyá Alágbo ò gbé ìgò síta mọ́. Tí ẹnìkan bá wá ra àgbo, wọ́n á ní kò sí.

Ìgbà yẹn ni Ṣínà tó wá ṣe ohun tí Fàsásì sọ. Ó ra pépà pupa, yẹ́lò àti aláró ní Ṣómólú. Ó fi íǹkì dúdú nìkan tẹ̀ wọ́n. Ó jẹ́ kí wọ́n gbẹ fún ọjọ́ méjì, kò fọwọ́ kàn wọ́n. Ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ìgò òfìfo, ó rì wọ́n sínú báàfù mi fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko, mi ò rí ohun fọ aṣọ. Ó ń wò wọ́n ní òwúrọ̀, ó ń wò wọ́n ní ọ̀sán. Nígbà tó yọ wọ́n, omi náà mọ́ kedere. Lẹ́tà ò wọ́, àwọ̀ ò ṣí. Ó gbé wọn lọ bá Ìyá Alágbo, ó dọ̀bálẹ̀, ó kó wọn síwájú wọn. Wọ́n ní kó dìde, kó lọ jẹun. Wọn ò wo ìgò náà. Ojoojúmọ́ ló tún ń lọ, ó ń pọn omi fún wọn, ó ń la igi, ó ń tún òrùlé wọn ṣe, kì í dúró, wọn ò sì wo ìgò náà.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Jethro wá sí Pápá Àjàó. Èmi àti Ṣínà wà níbẹ̀. Ó ti wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan kí Ìyá Alágbo.

"Ayọ̀miídé kí yín, mà. Ó ní kí n ra ti aboyún wá fún òun. Mo ní kó ní sùúrù, ó ní rárá, òun ò lè mu ti ẹlòmíràn."

Ojú Ṣínà là. Àgbo tuntun wà nínú ìkòkò, mò ń gbóòórùn rẹ̀. Ó fi fọ́nẹ̀ẹ̀lì rọ ọ́ sínú ìgò aláró kan kí ẹnikẹ́ni tó ní kó ṣe é. Ó dé e, ó nù ún, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Jethro. ÀGBO ABOYÚN, dúdú lórí aró, kò sí àléébù kankan lára rẹ̀.

Ìyá Alágbo na ọwọ́ láti ibi tí wọ́n jókòó sí, wọ́n gba ìgò náà lọ́wọ́ Ṣínà, wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn wọn.

"Padà sílé, ọmọ mi," ni wọ́n wí fún Jethro. "Ṣe ìtọ́jú ìyàwó rẹ, kí o máa gbé e lọ sí ọsibítù. Kí o sì sọ fún un pé Sàúdátù máa ń ṣìṣe."

Jethro dìde. Ó wo Ṣínà, Ṣínà ń wo ilẹ̀. Ó dágbére, ó padà sí Ìjọra lọ́wọ́ òfo.